Fádà kan, ẹlẹ́rìí méjì: ẹ má jẹ́ kí aṣọ ẹbí dí yín lọ́nà pẹpẹ

1.
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga, okùn ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nínú Ìjọ Kátólíìkì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: ohun tí Ìjọ ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ gba sákírámẹ́ńtì ìgbéyàwó kò gbówó lórí. Ohun tí àwa fúnra wa ń béèrè lọ́wọ́ ara wa ló gbówó lórí. A ti da méjèèjì pọ̀ débi pé àwọn kan ń sá fún pẹpẹ nítorí gbèsè tí kò kan pẹpẹ rárá.

2.
Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: Ojú-Ọ̀rẹ́ ni mò ń gbé, ní Ọ̀tà níbí. Mo kàwé gboyè, ṣùgbọ́n fídíò àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè mí síṣẹ́, wẹ́dìn ni wọ́n fẹ́ kí n wá yà. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi náà sì ń lọ sí kíláàsì ìgbéyàwó ní páríìṣì wa lọ́wọ́lọ́wọ́. Torí náà, mo ń rí ojú tí kámẹ́rà ń rí, mo sì ń rí èyí tí kámẹ́rà kì í rí.

3.
Tó bá ti di Sátidé ní agbègbè wa, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Láti abẹ́ afárá Sàngó títí dé Jójú, títí dé Ojú-Ọ̀rẹ́, gèlè ló kún inú bọ́ọ̀sì, kánópì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, DJ mẹ́ta á máa bára wọn jà ní àdúgbò kan ṣoṣo. Ó dùn ún wò. Mi ò bá òde àríyá jà o. Òde ló ń bọ́ mi! Ẹ má wá sọ pé ẹni tó ń jẹ nínú àwo ló tún ń bú àwo.

4.
Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Mísà lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba Kómúníọ̀n. Ìlà á tò lọ síwájú. Àwọn kan á jókòó, wọ́n á fà sẹ́yìn kí àwọn ẹlòmíì lè ráyè kọjá. Mo mọ ìyá kan tó ti ń fà sẹ́yìn báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ gba Ara Olúwa, òun á bá wọn di báàgì mú. Òun àti bàbá wọn ti ṣe ìdáná tipẹ́, àwọn ẹbí jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ní àwọn máa ṣe "tówó bá wọlé."

5.
Owó wọlé, owó ilé-ìwé gbà á. Owó tún wọlé, onílé gbà á. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Ọ̀tà, ẹ kúkú mọ bí owó ibẹ̀ ṣe ń rí. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò kàn lọ bá Fádà, ó ní, "Àǹtí, ta ló máa fún àwọn èèyàn lóúnjẹ? Ṣé aṣọ tí mò ń wọ̀ lọ sọ́jà ni kí n wọ̀ dé iwájú pẹpẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí okùn ọ̀rọ̀ yìí. Torí kò sí ibi tí Ìjọ ti béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí ibi tó ti béèrè aṣọ.

6.
Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Ìjọ béèrè gan-an. Ìwé òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì fi léde ní 1983 ni à ń lò. Òfin 1108 sọ pé kí ìgbéyàwó Kátólíìkì tó fìdí múlẹ̀, kí ọkùnrin àti obìnrin náà sọ ìfẹ́ inú wọn níwájú bísọ́ọ̀bù, tàbí fádà, tàbí díákónì tó láṣẹ, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ó parí. Ẹlẹ́rìí méjì o, kì í ṣe igba. Mo wá ìrẹsì nínú ìwé náà, mi ò rí i. Mo wá léèsì, mi ò rí i. Kéèkì náà ò sí níbẹ̀.

7.
Ẹnì kan á ní, "Ìdáná tí wọ́n ti ṣe ńkọ́? Ṣé Ìjọ ń sọ pé kì í ṣe ìgbéyàwó ni?" Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ Fádà ló máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ parí ti ìdílé kí ẹ tó wá, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ pé àwọn òbí mọ̀ sí i. Wọn kò kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ Kátólíìkì, lójú òfin Ìjọ, ọ̀nà ò tíì parí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá yẹn kì í fi lọ síwájú tí wọ́n bá ń gba Kómúníọ̀n.

8.
Ibo ni òfin ẹlẹ́rìí yìí ti wá? Ìtàn rẹ̀ dùn. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, tí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara wọn, kódà bó jẹ́ nínú yàrá láìsí ẹnì kankan níbẹ̀, ìgbéyàwó ti dé nìyẹn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkùnrin lè jí lọ́la kó ní òun ò mọ obìnrin náà rí, kó tún lọ gbé ẹlòmíì níta gbangba. Ta ló máa jẹ́rìí?

Ní 1215, àpérò ńlá kẹrin ti Lateran ní kí wọ́n máa kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ lè sọ̀rọ̀. Ní 1563, àpérò ti Trent wá là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ìgbéyàwó láìsí fádà àti ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta.

9.
Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi òfin yẹn ni ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n fi gbèjà ẹni tí wọ́n lè sẹ́ ni. Àwa Yorùbá ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí ẹnì kan ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Kí ni iṣẹ́ alárenà? Kí nìdí tí ìdílé méjèèjì fi ń jókòó kojú ara wọn kí obì tó kàn? Ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìgbéyàwó tí kò lẹ́lẹ̀rìí, obìnrin ló máa ń jìyà rẹ̀.

10.
Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù nìyí, inú kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ dáadáa: nínú Ìjọ tiwa yìí, Fádà kọ́ ló ń fún wa ní sákírámẹ́ńtì ìgbéyàwó. Tọkọtaya ló ń fún ara wọn. Fádà dúró níbẹ̀ láti béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, láti gbà á lórúkọ Ìjọ, àti láti súre. Òfin 1057 sọ pé ìfẹ́ inú àwọn méjèèjì ló ń dá ìgbéyàwó sílẹ̀, kò sì sí agbára ẹ̀dá kankan tó lè bá wọn fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀.

Kódà òfin 1116 sọ pé tí kò bá sí Fádà tó ṣeé rí láìsí ìnira ńlá, tó sì dájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí fún oṣù kan, tàbí tí ikú bá ń wọlé bọ̀, àwọn méjèèjì lè ṣe é níwájú ẹlẹ́rìí nìkan. Ìyẹn ni pé láwọn ìgbà kan, kódà Fádà lè máà sí níbẹ̀. Ṣé DJ ló máa wá jẹ́ dandan?

11.
Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2014, Póòpù Francis so ogún tọkọtaya pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní bàsílíkà St. Peter ní Róòmù. Àwọn kan nínú wọn ti ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti bímọ. Ogún o, ní Mísà kan.

Èkejì: ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2018, nínú bàálù tó ń lọ láti Santiago sí Iquique ní orílẹ̀-èdè Chile, Póòpù yìí kan náà so ọkọ àti ìyàwó kan pọ̀. Òṣìṣẹ́ inú bàálù náà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ti ṣe ti ìjọba tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2010 ba ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ lò jẹ́, wọn ò sì padà ṣe é mọ́. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí wọn sórí pépà. Ìgbéyàwó wọn kò dín kankan.

12.
Ẹ má ṣì mí gbọ́ níbí o. Pé kò wọ́nwó kò túmọ̀ sí pé ìkánjú ni. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìmúra tó ṣe pàtàkì là ń fi ìkánjú ṣe. Èyí tí kò ṣe pàtàkì là ń yáwó lé lórí.

13.
Ní 1981, John Paul Kejì kọ̀wé pé ìmúra ìgbéyàwó ní ìpele mẹ́ta. Èkíní ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nígbà tí ọmọ ń wo bí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe ń bára wọn gbé. Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí àwọn àfẹ́sọ́nà ń gbà. Ẹ̀kẹta ni ti oṣù àti ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Francis náà kọ ọ́ ní 2016, nínú Amoris Laetitia, pé ní ìgbà tó kẹ́yìn yìí, ìwé ìpè, aṣọ, àpèjẹ àti àìmọye nǹkan míì ló ń gba owó, agbára àti ayọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, débi pé á ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé iwájú pẹpẹ. Ó ní kí wọ́n láyà láti yàtọ̀.

Ẹni tó bá ti yà wẹ́dìn rí mọ̀ pé bàbá ò parọ́. Mo ti ya ìyàwó tó ń sùn lórí àga kí wọ́n tó kun ojú rẹ̀ tán.

14.
Ọ̀pọ̀ páríìṣì lọ́dọ̀ wa ló ń sọ pé kí ẹ wá fi tó wọn létí ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Àwọn èèyàn máa ń kùn: "Oṣù mẹ́fà! Ṣé fásitì la fẹ́ wọ̀ ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ilé tí ẹ máa gbé títí ikú, ṣé oṣù mẹ́fà ti wá pọ̀ jù? Òfin 1141 sọ pé ìgbéyàwó tó ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn méjì tó ti gba ìtẹ̀bọmi, tí wọ́n sì ti di tọkọtaya ní kíkún, kò sí agbára ẹ̀dá tó lè tú u, ikú nìkan ni. Ohun tí kò ní ọ̀nà àbájáde, ẹ jẹ́ ká rọra wò ó kí a tó wọlé.

15.
Ìwé ìtẹ̀bọmi. Ẹjọ́ tó pọ̀ jù ní kíláàsì wa nìyí. Wọ́n ní kì í ṣe èyí tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà èwe, tuntun ni kí ẹ lọ gbà níbi tí wọ́n ti ṣe ìtẹ̀bọmi yín. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú ẹ̀yà kan mọ́, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti kó gbogbo wa wá: Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì àti Ìpókíá, Ígbò, Ìgalà, Tiv, ará Àjàṣẹ́ tó gba Ìdí-Ìrókò wọlé. Ṣé kí ẹnì kan wọkọ̀ lọ sí Makurdi nítorí pépà kan?

Ìdí rẹ̀ ni pé tí o bá ti ṣègbéyàwó ní Kátólíìkì níbikíbi, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ibi tí o ti gba ìtẹ̀bọmi. Ìwé tuntun ló máa fi hàn bóyá o ti níyàwó tàbí ọkọ níbòmíì. Àwọn tó ṣe òfin yìí ti mọ̀ pé ọkùnrin lè ní ìyàwó sí Makurdi kó tún wá fẹ́ èmi l'Ọ́tà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí, ẹnu mi wọhò. Ẹ lọ gba ìwé yín. Tí ọ̀nà bá jìn, ẹ ní kí Fádà bá yín kọ lẹ́tà síbẹ̀.

16.
Ààlà náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Àwa l'Ọ́tà wà lábẹ́ Dáyósíìsì Abẹ́òkúta, tí wọ́n yà kúrò lára Èkó ní 1997. Ṣùgbọ́n tí àfẹ́sọ́nà yín bá ń gbé ní Àlákùkọ, lẹ́yìn tóògéètì níbẹ̀ yẹn, abẹ́ Èkó lòun wà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín yín, ṣùgbọ́n bísọ́ọ̀bù méjì ni. Ẹ máa nílò lẹ́tà láti páríìṣì kan sí èkejì. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

17.
Ó ku ìjókòó ìkọ̀kọ̀. Fádà máa pe ọkùnrin nìkan, á pe obìnrin nìkan. Á ti ilẹ̀kùn, á bi yín ní ìbéèrè, á kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ ó sì buwọ́ lù ú. Ṣé ẹnikẹ́ni ló ń fi ipá mú ọ? Ṣé o ti ṣègbéyàwó rí? Ṣé o ní ọmọ níbì kan? Ṣé ohun kan wà tí o ń fi pa mọ́ fún ẹni tí o fẹ́ fẹ́? Ṣé o gbà pé títí ikú ni?

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń kọ́ ara wọn pé, "Ẹ ṣáà máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó lè yá." Rárá o! Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ sí yín létí, ó ṣeé ṣe kí yàrá yẹn jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín, ẹ̀yin nìkan, láìsí màmá, láìsí àǹtí, láìsí ọkọ, pé kí lẹ fẹ́. Kí ẹ wá parọ́ níbẹ̀?

18.
Òfin 1103 sọ pé ìgbéyàwó tí wọ́n fi ipá tàbí ìbẹ̀rù ńlá mú èèyàn ṣe kò fìdí múlẹ̀. Òfin 1098 ní bákan náà ni fún ẹni tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀tàn mú lórí ohun tó lè da ilé rú pátápátá. Torí náà, irọ́ tí ẹ pa kí nǹkan lè yá, òun ló lè padà wá jẹ́ ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú.

19.
Ọ̀rọ̀ oyún ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n máa sọ pé kí obìnrin kọ́kọ́ lóyún kí àwọn tó náwó lé e. Wọ́n á ní àwọn ò lè ra ológbò nínú àpò. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí sọ fún mi pé ìyá ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti dá ọjọ́ àyàfi ìgbà tí wọ́n rí ìwé ọsibítù.

Ohun tí òfin 1084 sọ rèé: àìlèbímọ kì í dí ìgbéyàwó lọ́wọ́, kì í sì í bà á jẹ́. Wọ́n máa bi yín níwájú pẹpẹ bóyá ẹ ó fi ìfẹ́ gba àwọn ọmọ tí Ọlọ́run bá fún yín. "Bá fún yín." Ìjọ ò sọ pé kí ẹ mú ọmọ wá kí ẹ tó gba ọkọ. Ìyàwó tí kò bí ọmọ kankan, ìyàwó ni. Mo mọ̀ pé a máa ń gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní, mo sì máa ń ṣe àmín tó ń dún. Ṣùgbọ́n àdúrà là ń gbà, ìwé àdéhùn kọ́.

20.
Jẹ́nótáìpù náà dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ páríìṣì ló ń béèrè àyẹ̀wò, ó sì dáa. Tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Àwọn èèyàn rò pé Ìjọ ló ka AS àti AS léèwọ̀. Òfin Ìjọ tó kárí ayé kò kà á mọ́ àwọn ìdènà. Wọ́n fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni, kí ẹ má fi ojú dídì wọlé, kí Fádà sì lè bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Torí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà ní oṣù kìíní tí ẹ mọra, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n ti gé aṣọ ẹbí. Nígbà tí aṣọ bá ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ta ló máa láyà láti sọ pé "ó tó"?

21.
Tí àfẹ́sọ́nà yín ò bá ṣe Kátólíìkì ńkọ́? Ìbéèrè ojoojúmọ́ nìyẹn níbí, torí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yìí kan náà ló gbé wa lọ sí Canaanland. Tí ó bá ti gba ìtẹ̀bọmi tòótọ́ nínú ìjọ mìíràn, ẹ nílò ìyọ̀ǹda, ìgbéyàwó yín á sì jẹ́ sákírámẹ́ńtì. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kò gba ìtẹ̀bọmi, ìyọ̀ǹda tó lágbára ju ìyẹn lọ ni. Ó lè fìdí múlẹ̀ bí ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe sákírámẹ́ńtì. Ní ọ̀nà méjèèjì, ẹni tó jẹ́ Kátólíìkì á ṣèlérí pé òun á sa gbogbo ipá òun kí àwọn ọmọ lè gba ìtẹ̀bọmi, kí wọ́n sì dàgbà sínú ìgbàgbọ́ òun. Ẹ jíròrò rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ́fíìsì Fádà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ níwájú àlejò.

22.
Ẹ rántí ìjọba pẹ̀lú. Lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ máa lọ fi ìwé ìfitónilétí sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síta, lẹ́yìn ọjọ́ 21 ni wọ́n lè fún yín ní ìwé àṣẹ. Tí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá láti ọjọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ láìṣègbéyàwó, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òfin yìí náà béèrè ẹlẹ́rìí méjì, ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kó sì jẹ́ láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìjọba gan-an ò béèrè jọ̀lọ́ọ̀fù.

23.
Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò lè jẹ́ ti àwa ọ̀dọ́ nìkan. Ẹ̀yin Fádà wa àti ẹ̀yin tó ń kọ́ wa, ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí. Ọkùnrin tó ń ṣe ṣíìfù alẹ́ kò lè wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo ti rí páríìṣì tí ẹni tó bá pa kíláàsì mẹ́ta jẹ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìlú ilé-iṣẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì méjì wà lọ́sẹ̀, kí onísíìfù lè mú èyí tó bá bọ́ sí i.

Ẹ tún dín ìwàásù kù níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ta ló ń san owó ilé? Ṣé ó tọ́ kí n mọ iye tó ń gbà? Tí àbúrò rẹ̀ bá fẹ́ wá gbé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Àtigbéyàwó ò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, síbẹ̀ owó àtigbéyàwó nìkan la gbájú mọ́.

24.
Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú, ẹ máa kéde rẹ̀ látorí pẹpẹ, kó yé gbogbo ìjọ: ẹni tó bá ti ṣe ìdáná, tó fẹ́ wá gba sákírámẹ́ńtì láìsí àríyá, kó wá. Ẹ máa kó àwọn bẹ́ẹ̀ jọ, marùn-ún, mẹ́wàá, kí wọ́n jọ ṣe kíláàsì, kí wọ́n jọ ṣe é ní Mísà kan. Àwọn páríìṣì kan ń ṣe é, inú mi sì ń dùn tí mo bá gbọ́. Ìtìjú ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Tí ẹni mẹ́wàá bá jọ dìde, kò sí ẹni tí ojú máa tì mọ́.

25.
Mo ti mọ èsì tí ẹ fẹ́ fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń ṣe wẹ́dìn láyé." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ rántí ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ lọ́jọ́ náà ju iye ìgbà tí ẹ pààrọ̀ aṣọ lọ. "Ẹbí á bínú." Wọ́n á bínú. Ẹbí tó bínú lónìí á tún wá jẹun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. "Wọ́n á ní a tálákà." Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Tí owó bá wà, ẹ ṣe àríyá, ẹ pè mí, mo máa yà á dáadáa, mo máa fi owó sí yín lórí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí, ẹ yọ àríyá kúrò lára sákírámẹ́ńtì. Ẹ lè ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yìí, kí ẹ ṣe àpèjẹ lọ́dún márùn-ún sí i. Èyí tí ẹ ò lè sún síwájú ni ọkàn yín.

26.
Èmi àti ẹni tèmi ti jọ sọ ọ́: a ò ní yá owó. Màmá mi ò tíì gbà tán, wọ́n ṣì ń sọ pé "ó kéré tán, àńkárá." A ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. Ìyá tó ti ń bá èèyàn ná aṣọ ẹbí láti ogún ọdún ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa wá ná tirẹ̀ náà, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n gbèsè tí àwọn méjì kó wọ ilé tuntun, àwọn méjì yẹn náà ló máa san án. Àwọn ẹgbẹ́ màmá ti lọ ilé wọn nígbà yẹn.

27.
Ó tán. Tí ẹ bá mọ tọkọtaya kan tó ń gbé pọ̀, tó fẹ́ràn ara wọn, tó sì ń dúró de owó wẹ́dìn, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ rí Fádà lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí kíláàsì tuntun máa bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé ìtẹ̀bọmi wọn. Kí wọ́n tún wá ọ̀rẹ́ méjì tó dúró sán-ún, tó lè jẹ́rìí wọn. Ìyẹn ló ṣòro rí jù nínú gbogbo ẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà.